Aago wúrà tí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíì sí lẹ́yìn: bí mo ṣe ń yan tèmi

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti Kempton fún yín ná. Ọjà ohun àtijọ́ kan wà ní pápá eré ẹṣin Kempton Park, lẹ́gbẹ̀ẹ́ London níbí, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n ń ná an, ọjọ́ Túsìdeè, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán táwọn tó mọ ọjà náà ti ń débẹ̀ tàwọn ti tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, tí mo bá ti bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ mi ò kì í lọ sùn, ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ tààrà, ojú á máa ta mí bí ẹni fi ata sí i. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, màmá òyìnbó kan tẹ́ ṣíbí fàdákà àti ìlẹ̀kẹ̀ sórí tábìlì, mo rí aago ọwọ́ kan láàárín wọn, Smiths lorúkọ kọ́ḿpìnì tó ṣe é, wúrà káráàtì 9, ojú ẹ̀ rí bíi wàrà. Mo béèrè iye ẹ̀, ó dá mi lóhùn, mo wá yí aago náà dojú dé kí n lè wo ẹ̀yìn ẹ̀, kíá ni màmá ní kí n má bínú o, wọ́n ti kọ orúkọ èèyàn sí i, mi ò tíì la ẹnu tó fi já £40 kúrò nínú owó tó kọ́kọ́ pè. Ó ń bẹ̀ mí lórí nǹkan tó jẹ́ pé òun gan-an ni mo torí ẹ̀ wá.

Orúkọ bàbá kan ló wà níbẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páìpù tẹ̀ lé e, 1936 sí 1961, wọ́n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní ìlà kan.

Mo gbé e délé, ìyàwó mi ní aago òkú rèé, pé ṣé òkú òyìnbó ni mo fẹ́ kó wá bá wa gbé. Mo ní ṣebí tòkunbọ̀ ni kóòtù tó ò ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ò sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ó ní kóòtù ò ní orúkọ lára. Mi ò rí èsì fọ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Tó bá wù yín láti máa kó aago àtijọ́ jọ, aago pẹlẹbẹ tí èèyàn ń wọ̀ sí kóòtù tàbí agbádá, ti àwọn ọdún 1950 àti 1960, tí owó yín ò sì pọ̀, èyí tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí sí lẹ́yìn ni kẹ́ ẹ máa wá. Wúrà gidi ni, ẹ́ńjìnì gidi ni, àwọn tó ń kó aago jọ ń sá fún un, ẹ̀yin ẹ má sá.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, títí wọ àwọn ọdún 1970, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọdún 25, tàbí 30, tàbí 45 pàápàá níbì kan náà, rélùwéè o, ilé iṣẹ́ irin o, bánkì o, wọ́n á pe òṣìṣẹ́ jọ, ọ̀gá á sọ̀rọ̀, wọ́n á wá fa aago wúrà lé e lọ́wọ́, orúkọ ẹ̀ á ti wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣiṣẹ́ ìjọba nílé mọ nǹkan tí mò ń sọ, long service award náà ni, àfi pé aago ògiri ni wọ́n fún bàbá tèmi, kò sì pé ọdún méjì tó fi kú, aago yẹn ni o, kì í ṣe bàbá mi.

Ta ló ń ṣe wọ́n? Smiths ni àkọ́kọ́, ní Cheltenham ni wọ́n ti ń ṣe é, àtẹ́ńjìnì àti gbogbo ẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, Smiths ni Edmund Hillary gbé gun òkè Everest ní 1953. Èkejì ni Omega, ẹ́ńjìnì ẹ̀ á wá láti Switzerland, kíìsì wúrà ẹ̀, ìyẹn ara aago tó gbé ẹ́ńjìnì sínú, á jẹ́ ti Dennison ní Birmingham, torí ó dín owó orí kù láti kó ẹ́ńjìnì wọlé lásán kí wọ́n wá dáṣọ fún un níbí. Dennison ti kógbá wọlé ní 1967, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí orúkọ ẹ̀ nínú kíìsì ẹ ti mọ̀ pé aago yẹn ò kéré lọ́jọ́ orí. Ẹ máa rí Garrard náà, ilé ìtajà ńlá ni Garrard ní London, orúkọ wọn ló wà lójú aago ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló ń bá wọn ṣe é, kò burú. Longines wà, Tissot wà, Rotary wà. Ní Kérésìmesì 1969 ni Seiko gbé aago oníbátìrì jáde, Astron lorúkọ ẹ̀, láti ìgbà yẹn lọ ni gbogbo nǹkan ti yí padà, bátìrì làwọn kọ́ḿpìnì náà wá ń fún èèyàn nígbẹ̀yìn, mi ò kì í ra ìyẹn.

Tó bá jẹ́ Smiths lẹ fẹ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀, lábẹ́ nọ́ńbà 6, lẹ́tà tín-ín-tín kan wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ MADE IN ENGLAND, ti Cheltenham nìyẹn, 15 jewels tàbí 17 jewels ló máa ń wà nínú ẹ̀, àwọn òkúta tín-ín-tín tí wíìlì inú ẹ̀ ń yí lé lórí nìyẹn. Tí wọ́n bá kọ MADE IN GT BRITAIN, ti Wales ni, ní Ystradgynlais, aago pọ́kú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, fún ẹni tó fẹ́ nǹkan tí kò wọ́n, kò burú fún ọmọ ilé ìwé ṣùgbọ́n kò yẹ kẹ́ ẹ san owó Cheltenham fún un. Èèyàn méjì ni mo ti rí tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ṣebí Smiths ni Smiths.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí ẹ̀yìn aago. Ẹni tó bá ń ṣe ayédèrú ò ní í jókòó kọ ọdún 45 ní rélùwéè sẹ́yìn aago tó fẹ́ tà, torí ó mọ̀ pé orúkọ yẹn máa já owó òun wálẹ̀. Nítorí náà orúkọ yẹn ti jẹ́rìí díẹ̀. Àmọ́ ẹ má fi mọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i, ẹ wo inú ìdérí ẹ̀yìn. Àwọn àmì kéékèèké kan máa wà níbẹ̀ tí àwọn tí òfin yàn láti máa yẹ wúrà wò fi ń sọ pé wúrà ni lóòótọ́: 9 àti .375, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi tó bá jẹ́ Birmingham ni wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, orí ẹkùn tó bá jẹ́ London, lẹ́tà kan ṣoṣo á wá tẹ̀ lé e. Lẹ́tà yẹn ni ọdún. Ní Birmingham, A ni 1950, B ni 1951, ẹ máa kà á lọ bẹ́ẹ̀, I nìkan ni wọ́n fò, kí L tó bọ́ sí 1960, Z sì bọ́ sí 1974. Lẹ́tà ti London yàtọ̀, ẹ má fi ti Birmingham kà á. Aago tí mo rà ní Kempton yẹn, L ló wà nínú ẹ̀, ọdún 1961 ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó bára mu, wọ́n ṣe kíìsì ní 1960, wọ́n fún bàbá ní 1961. Ká ní T ló wà nínú ẹ̀ ńkọ́? T jẹ́ 1968. Ẹni tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1961 ò lè gba aago tí wọn ò tíì ṣe, ẹnì kan ti pa aago méjì pọ̀ nìyẹn, ẹ rọra gbé e kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ.

Èyí tó burú ju orúkọ lọ ni èyí tí wọ́n pa orúkọ rẹ́ lára ẹ̀. Torí àwọn oníbàárà ò fẹ́ orúkọ, àwọn kan á fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n á pọ́líìṣì ẹ̀ kó máa dán gbinrin. Ẹ gbé ẹ̀yìn aago sí abẹ́ iná, kẹ́ ẹ máa rọra yí i, kẹ́ ẹ wo bí iná ṣe ń rìn lójú wúrà náà, tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é, iná á rìn geere bí ìgbà tí omi ń ṣàn, tí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́, tó bá dé àárín ni iná á tẹ̀, á rí bíi kòtò kékeré. Ẹ wá fi ìka tẹ àárín ibẹ̀ díẹ̀. Mo ti tẹ ọ̀kan rí ní ọjà Bermondsey ní London tó wọlé tó sì jáde, tó dún "kẹ́" bíi ìdérí agolo mílíìkì. Wúrà ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ọkùnrin tó ń tà á ń wo mi, èmi náà ń wò ó, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ojú wá ńkọ́? Ojú lọ̀rọ̀ wà, ti aago gan-an ló jọ pé wọ́n torí ẹ̀ sọ ọ́. Ẹ́ńjìnì tó bàjẹ́, wọ́n lè tún un ṣe. Gíláàsì tó ha, ike lèyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọṣẹ ìfọyín pàápàá lè mú un dán, Polywatch, ìpara tí wọ́n fi ń mú gíláàsì aago dán, tún dáa jù ú lọ, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú aago tí wọ́n bá ti tún kùn, ó ti lọ nìyẹn, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ dá a padà, owó ẹ̀ á wálẹ̀ fíìfíì lójú ẹni tó bá mọ aago. Owó ilé ìwé tí mo san lórí èyí, mo ṣì ń rántí ẹ̀. Omega kan ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i, fọ́tò ẹ̀ mọ́ kedere, ojú ẹ̀ funfun báláú, mo ní háà, aago ọgọ́ta ọdún tó ṣì funfun báyìí! Ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà mí lẹ́rù. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó máa ń bá mi tún aago ṣe, ó fi gíláàsì rẹ̀ há ojú, kò tíì tó ìṣẹ́jú kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó wá kó gíláàsì náà fún mi, ó ní kí n wò ó fúnra mi.

Nǹkan tí mo rí rèé. Lẹ́tà OMEGA nípọn, etí ẹ̀ ò gún, bí ìgbà tí bíró bá yọ́ sára bébà, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà òrígínà mú bí abẹ́rẹ́, bó ti wù kó kéré tó. Àwọn ìlà kéékèèké tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú, ìlà tó yẹ kó wà ní ọ̀kánkán nọ́ńbà 4 ti yà sí ẹ̀gbẹ́, nọ́ńbà dúró sí tiẹ̀, ìlà dúró sí tiẹ̀. SWISS MADE tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò sí, ẹni tó kùn ún gbàgbé ẹ̀ ni àbí kò sáyè. Létí ojú aago náà, lápá ibi tí nọ́ńbà 3 wà, wọ́n fi fáìlì gé e jẹ díẹ̀, bíi ìgbà tí eku bá bu búrẹ́dì jẹ, àwọn tó ń kun ojú aago ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa dá a padà sí. Mẹ́rin pé. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ò mọ̀, mo gbà pé kò mọ̀, àmọ́ kò dá owó mi padà.

Látìgbà yẹn, tí mo bá rí ojú aago tó ti pọ́n díẹ̀, tó ní àwọ̀ bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì púpọ̀ sí, ọkàn mi á balẹ̀. Kí àwọ̀ ẹ̀ ṣá ti bára dọ́gba. Tó bá jẹ́ àmì dúdú dúdú ni, tó kó jọ sí apá ibi tí wọ́n ti ń wáìǹdì ẹ̀, omi ló ti gba ibẹ̀ wọlé, ẹ bi ara yín pé tí omi bá ṣe ojú báyìí, irin tó wà lábẹ́ ẹ̀ á ti rí báwo.

Ẹ wo àwọn ọwọ́ tó ń yí náà. Ọwọ́ gígùn gbọ́dọ̀ dé ìdí ìlà ìṣẹ́jú, ọwọ́ kúkúrú gbọ́dọ̀ dé ìdí àmì wákàtí tàbí kó kù díẹ̀ kó kàn án. Tí ọwọ́ gígùn bá kúrú, tó dúró sáàárín ọ̀nà bí ẹni tí owó ọkọ̀ tán lọ́wọ́ ẹ̀, aago mìíì ni wọ́n ti yọ ọ́ wá. Tí ọ̀dà tó ń tan iná lóru bá wà lára ọwọ́, tí kò sì sí lójú aago, wọn ò jọ wá láti ilé nìyẹn. Aago kóòtù tó pọ̀ jù ò ní ọ̀dà yẹn rárá, ó sì sàn bẹ́ẹ̀, torí èyí tó wà ṣáájú àwọn ọdún 1960, radium ni, ohun tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, kò ní í tàn mọ́ ṣùgbọ́n agbára ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣí irú ẹ̀ fúnra yín, ẹ má fi èékánná ha á.

Ti Omega, ẹ tẹ̀ gíláàsì ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lábẹ́ iná, ní àárín gbùngbùn níbi tí àwọn ọwọ́ ti pàdé, àmì Omega kékeré kan wà nínú ike náà tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Tó bá wà, gíláàsì òrígínà ni. Tí kò bá sí, kì í ṣe ẹ̀sùn, wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì lásán ni, àmọ́ inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i.

Ẹ́ńjìnì ò ní gba àkókò wa tó bẹ́ẹ̀, torí kò ṣòro bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ wáìǹdì ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ọ́tọ́mátíìkì, èyí tó ń wáìǹdì ara ẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣe ń mì, ní wàhálà tiẹ̀ lọ́tọ̀ àti owó sáfíìsì tó ga jù. Ẹ wáìǹdì ẹ̀ kẹ́ ẹ máa fetí sí i, ó yẹ kó máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ kó sì máa le díẹ̀díẹ̀ títí á fi dúró fúnra ẹ̀, tó bá ti dúró ẹ má fipá mú un, ibẹ̀ ló ti kún. Tí wáìǹdì ò bá lópin, tí ẹ ń yí i tẹ́ ẹ ń yí i, sípírìngì ti já. Ẹ wá fa kókó tẹ́ ẹ fi ń wáìǹdì yẹn jáde kẹ́ ẹ fi yí àkókò, tí ọwọ́ aago bá ń jábọ́ tàbí tó bá ń fò, owó ló ń pè yín yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ẹ́ńjìnì Omega ìgbà yẹn máa ń pọ́n bíi bàbà, kò ṣeé ṣì mọ̀, nọ́ńbà irú ẹ̀ á wà lára ẹ̀, 265 sí 269 àti 284 sí 286 ni àwọn tí mo máa ń wá, ìdílé kan náà ni wọ́n, èyí tí wọ́n ń pè ní 30mm nítorí bó ṣe fẹ̀ tó, 1939 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, gbogbo ẹni tó ń tún aago ṣe ló mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ bí ẹni mọ ilé ìyá ẹ̀. Nọ́ńbà gígùn kan náà wà níbẹ̀ tó ń sọ ọjọ́ orí ẹ̀, tó bá bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù 12, nǹkan bíi 1950 nìyẹn, tó bá ti ń wọ mílíọ̀nù 20, nǹkan bíi 1963. Ẹ fi wé lẹ́tà inú kíìsì àti ọdún ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jọra, ọdún kan sí mẹ́ta láàárín wọn kì í ṣe ìjà. Ìpẹta ńkọ́? Tó bá ti wà lára wíìlì, ẹ bá tiyín lọ.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní timegrapher, á gbé aago lórí, á máa gbọ́ bó ṣe ń lù. Aago wọ̀nyí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 18,000 ní wákàtí. Ẹ̀rọ náà á sọ bí wíìlì ṣe ń jù síwá sẹ́yìn tó, tó bá ń jù ní dígírì 270 sí 300 tó kún fún wáìǹdì, ara ẹ̀ le, tó bá ti wà lábẹ́ 220, òróró inú ẹ̀ ti gbẹ. Tí ẹni tó ń tà á bá ní "sáfíìsì ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí", ẹ ní kó fi rìsíìtì hàn yín tàbí kó gbé e lé ẹ̀rọ. Tí kò bá sí méjèèjì, ẹ kà á sí pé wọn ò ṣe é, kẹ́ ẹ yọ owó sáfíìsì kúrò nínú nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ san. Mo san £180 lórí Smiths mi. Iye yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó aago.

Ọ̀rọ̀ wúrà. Káráàtì 9 túmọ̀ sí pé nínú 1000 ìdá, 375 ni wúrà, ìyókù irin mìíì. Àwọn kan á gbé odidi aago lé ìwọ̀n, tẹ́ńjìnì tọ́kùn tawọ, wọ́n á ní ẹ wo iye gíráàmù wúrà tó jẹ́. Ẹ má gbà. Kíìsì nìkan ni wúrà, ẹ́ńjìnì sì lè wúwo jù ú lọ. Tí wọ́n bá kọ ROLLED GOLD tàbí PLAQUÉ tàbí 20 MICRONS sí i, wúrà wọ́n ọn lórí ni, bí ẹni fi bọ́tà ra búrẹ́dì lójú, ẹ wo etí àti ìdí ibi tí okùn ń gbà, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ṣí. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á o, Longines oníwúrà wọ́n ọn lórí kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò lè tà, mo kàn ń sọ pé kẹ́ ẹ mọ nǹkan tẹ́ ẹ ń san owó lé. Nǹkan mìíì tó ń dùn mí ni pé tí owó wúrà bá ti gbéra, àwọn kan á yọ ẹ́ńjìnì sínú ike, wọ́n á yọ́ kíìsì. Ẹ máa rí ẹ́ńjìnì Omega ìhòòhò lórí eBay bíi ẹyẹ tí wọ́n ti hú ìyẹ́ ẹ̀. Ìdí ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ìwọ̀n ẹ̀ yà yín lẹ́nu. Milimítà 32 sí 34 ló wọ́pọ̀, 35 ti tóbi. Ẹ̀gbọ́n mi kan rí i lọ́wọ́ mi níbi ìkómọjáde ní Peckham, ó ní "àbúrò, ṣé ti ìyàwó ẹ lo wọ̀ wá?" Mo rẹ́rìn-ín. Bó ṣe wà láyé ọjọ́un nìyẹn, ẹ lọ wo fọ́tò àwọn bàbá wa ti 1960, aago kékeré pẹlẹbẹ ló máa ń yọjú lábẹ́ apá agbádá, kì í ṣe èyí tó dà bí ìdérí ìkòkò. Oṣù kan péré ni, ojú yín á ti mọ́ ọn, èyí tó tóbi á wá máa dà bí ariwo. Okùn ẹ̀ náà, ẹ wọn àárín ẹsẹ̀ kíìsì kẹ́ ẹ tó ra awọ, 17 wà níbẹ̀, 18 wà níbẹ̀, 16 náà wà, awọ 18 tí wọ́n há sí ibi 17 máa ń ká bí àkàrà tó jóná létí.

Ibi tí mo ti ń rà: Kempton tí mo ti sọ, Bermondsey láàárọ̀ Fúráìdeè, Portobello ní Sátidé tẹ́ ẹ bá lè fara da èrò àtàwọn oní-fọ́tò, àti ilé gbàǹjo ní àwọn ìlú kéékèèké. Ibi gbàǹjo lówó ti máa ń dáa jù, torí ẹbí olóògbé ló sábà máa ń kó ẹrù wá, wọn kì í mọ nǹkan tó wà lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ẹ rántí pé iye tí òòlù bá lù lé lórí kọ́ lẹ máa san, ọ̀pọ̀ wọn á fi ìdá 20 sí 30 nínú 100 lé e, VAT á tún gun ìyẹn lẹ́yìn. Èmi á ti ṣírò ẹ̀ sórí bébà kí n tó nawọ́. Tí mo bá kọjá iye orí bébà, mo ti mọ̀ pé èṣù ni. Ọ̀rọ̀ mìíì tún ni pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ ìdáná ṣí i lójú yín, ìdérí Dennison ní ẹnu kékeré kan tí irinṣẹ́ ẹ̀ ń wọ̀, ọ̀bẹ á yọ̀, á sì fa ilà sí wúrà lára, mo ní ọ̀kan báyìí tó ní ilà bíi ará Ọ̀yọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ má jẹ́ kómi kàn án, ìbáà kọ WATERPROOF gàdàgbà sára, rọ́bà inú ẹ̀ ti kú tipẹ́. Ẹ bọ́ ọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́, kẹ́ ẹ tó ṣe àlùwàlá. Ẹ má gbé e sórí fóònù tàbí sípíkà sùn, òòfà inú wọn á mú sípírìngì tín-ín-tín ẹ̀, ilẹ̀ á mọ́ á ti fi ìdajì wákàtí sáré, ẹ á rò pé ó ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kékeré kan tí kò wọ́n á yọ òòfà náà ní ìṣẹ́jú kan. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sílé lásìkò ọyẹ́, ike onísípì ni kẹ́ ẹ máa fi í sí tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ, eruku yẹn ò mọ àlejò.

Smiths mi, mi ò pa orúkọ ẹ̀yìn ẹ̀ rẹ́. Ìyàwó mi ti fún un ní orúkọ, bàbá onípáìpù ló ń pè é. Tí a bá fẹ́ jáde lọ síbì kan, á ní "bàbá onípáìpù ńkọ́, ṣé ẹ ti wáìǹdì wọn?" Ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yára lójúmọ́, alẹ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń dá a padà.